Kí ni kí a gbìn sí ẹ̀yìnkùlé, kí ni kí a gbìn sí oko, kí ẹ̀fọ́ má baà wọ́n nínú ilé ní ìgbà kankan?

Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ oko o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà lọ́dọ̀ yín. Mo ní àyè kékeré lẹ́yìn ilé tí kò ju ebè méjì lọ, pẹ̀lú ìkòkò àti ike díẹ̀ tí mo tò sí ibi tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Yàtọ̀ sí èyí, mo háyà ilẹ̀ kékeré kan nínú pápá tí wọ́n pín sí wẹ́wẹ́ fún àwọn tí ó bá fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ tí wọn yóò jẹ. Pápá náà jìnnà sí ilé débi pé ìgbà kan tàbí ìgbà méjì péré ni mo lè débẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀. Ní àdúgbò wa, òtútù máa ń mú gan-an, ìrì dídì sì máa ń bo ilẹ̀ láàárọ̀ láti ìparí ìgbà ìwọ́wé títí di àárín ìgbà ìrúwé.

Ohun tí ó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bí ooru bá ti dé, ohun gbogbo a gbó pa pọ̀. A ó jẹ, a ó fún aládùúgbò, síbẹ̀ òmíràn a jẹrà sórí ebè. Kì í pẹ́ lẹ́yìn náà tí ọgbà fi ń ṣófo, tí a kò sì ní rí ewé kan já títí ooru mìíràn yóò fi dé. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lé lórí. Ìkíní ni irúgbìn tí ó yẹ kí n gbìn sí ilé àti èyí tí ó yẹ kí n kó lọ sí oko; ìkejì ni bí mo ṣe lè ṣètò àkókò ìgbìn kí ìkórè lè máa tẹ̀lé ìkórè; ìkẹta sì ni bóyá ilá àti tẹ̀tẹ̀, tí wọ́n fẹ́ràn ooru tó bẹ́ẹ̀, lè ṣe dáadáa níbi tí ìgbà ooru kò ti gùn. Ẹ ṣeun o.

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ dáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Kí a tó dárúkọ irúgbìn kankan, ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí ẹ máa bi ara yín lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ọjọ́ mélòó ni irúgbìn yìí lè fi dá wà láìsí ẹni tí yóò bojú wò ó? Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pín irúgbìn gẹ́gẹ́ bí àyè tí ó gbà ṣe pọ̀ tó. Wọn a ní kí èyí tí ó kéré wà nílé, kí èyí tí ó tóbi lọ sí oko. Lójú tèmi, kì í ṣe àyè ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò. Irúgbìn tí kò lè dá wà ju ọjọ́ méjì lọ, ilé ni kí ó wà, ìbáà gba àyè. Èyí tí ó lè dá wà fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, oko ni kí ó lọ, bó ti wù kí ó kéré tó.

Ẹ wo ilá. Bí òdòdó rẹ̀ bá ti rẹ̀ sílẹ̀, kì í ju nǹkan bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà lọ tí èso náà fi tó ká, bí a bá sì tún fi ọjọ́ díẹ̀ sí i, yóò ti gbó, kò ní ṣeé jẹ mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni kùkúńbà àti ẹ̀wà tí a ń jẹ tòun ti èèpo rẹ̀ ní tútù. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti èso kan tí ó gbó lọ, nítorí pé nígbà tí irúgbìn bá ti ní èso tí ó ń gbó lára rẹ̀, orí kóró inú èso náà ni yóò máa lo agbára rẹ̀, òdòdó tuntun yóò sì máa dínkù. Nítorí náà, ẹni tí ó ń ká wọn ní ọjọ́ méjì-méjì máa ń rí púpọ̀ kórè ju ẹni tí ó ń ká wọn lọ́sẹ̀-lọ́sẹ̀ lọ, bí ilẹ̀ àti omi wọn tilẹ̀ dọ́gba. Ẹ gbin irú àwọn wọ̀nyí sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹ fi àwọn ewé tí a ń já díẹ̀díẹ̀ sí i: lẹ́tọ́ọ̀sì, ewé àlùbọ́sà, efinrin àti tẹ̀tẹ̀. Ilé náà ni kí ẹ ti máa tọ́ gbogbo ọmọ irúgbìn, títí kan àwọn tí oko ni wọn yóò ti dàgbà, nítorí pé ìgbà èwe wọn ni ẹ̀dá irúgbìn kò lè fara da àìrí omi fún ọjọ́ kan.

Àlùbọ́sà, aáyù, pòtétò, elégédé, líìkì (ẹbí àlùbọ́sà), kéèlì (ẹbí kábéèjì), kábéèjì àti àgbàdo lè lọ sí oko láìsí ìfòyà. Kárọ́ọ̀tì náà ń ṣe dáadáa níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní ìṣòro kan tí ó yẹ kí ẹ mọ̀. Kóró rẹ̀ lè lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó hù, ojú ilẹ̀ kò sì gbọdọ̀ gbẹ ní gbogbo àkókò náà. Bí ẹ bá ti gbìn ín tí ẹ sì ti bomi rin ín dáadáa, ẹ fi àpò tí a rẹ sínú omi tàbí pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú poro náà, kí ẹ sì ṣí i kúrò ní gbàrà tí ẹ bá ti rí èéhù àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe tọ́ kárọ́ọ̀tì sínú ike láti ṣí i lọ sí oko, nítorí pé gbòǹgbò tí a bá ti dà láàmú yóò pín sí méjì tàbí mẹ́ta.

Ní ti àkókò, orí rẹ̀ ni mo fẹ́ dúró sí jù, nítorí pé ibẹ̀ gan-an ni òfo tí ẹ ń sọ ti ń wá. Ọgbà tí ó ṣófo ní ìgbà òtútù, àárín ìgbà ooru ni ó ti ṣófo, nígbà tí oòrùn ń ràn jù lọ tí ọwọ́ wa sì dí fún ìkórè, tí kò sì sí ẹni tí ó ń ronú nípa òtútù. Kéèlì, líìkì àti kábéèjì tí yóò bá yín dé inú òtútù, láàárín ìgbà ìrúwé sí àárín ìgbà ooru ni a ti ń gbin kóró wọn. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìrì dídì àkọ́kọ́ sábà máa ń bọ́ ní àdúgbò yín sílẹ̀, ẹ wo iye ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí irúgbìn pé yóò fi dàgbà, ẹ fi nǹkan bí ọjọ́ 14 kún un, kí ẹ sì ka ọjọ́ náà padà sẹ́yìn. Ìdí tí a fi ń fi ọjọ́ 14 kún un ni pé bí ìgbà ìwọ́wé ṣe ń wọlé ni ojú ọjọ́ ń kúrú, tí irúgbìn sì ń fà sẹ́yìn nínú ìdàgbàsókè rẹ̀.

Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán bá ti wá sí ìsàlẹ̀ wákàtí 10 lóòjọ́, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹ̀fọ́ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ dàgbà mọ́, ì báà jẹ́ pé a bò wọ́n mọ́lẹ̀ lọ́wọ́ òtútù. Èyí túmọ̀ sí pé wọ́n gbọ́dọ̀ ti tó jẹ kí àkókò náà tó dé. Láti ìgbà náà lọ, ọgbà di àká. Ẹ ó kàn máa lọ mú nínú ohun tí ó ti dàgbà tẹ́lẹ̀. Kéèlì àti líìkì lè dúró nínú ìrì dídì, kéèlì tilẹ̀ máa ń dùn sí i, nítorí pé òtútù ń mú kí ṣúgà pọ̀ sí i nínú ewé rẹ̀. Aáyù ní tirẹ̀, ìgbà ìwọ́wé ni kí ẹ gbìn ín. Ó nílò ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú òtútù kí ó tó lè pín sí awẹ́, ìgbà ooru tí ó tẹ̀lé e ni ẹ ó sì wú u.

Kí ohun gbogbo má baà gbó pa pọ̀, ẹ má ṣe da páálí irúgbìn kan tán lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ gbin poro kúkúrú kan, kí ẹ sì gbin òmíràn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n lẹ́tọ́ọ̀sì kì í fẹ́ hù bí ilẹ̀ bá ti gbóná kọjá 25°C dáadáa, nítorí náà ní àárín ìgbà ooru, ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ gbìn ín, lábẹ́ ìbòòji, pẹ̀lú omi tútù. Ẹ̀fọ́ sípínáàṣì ní tirẹ̀, ọ̀sán tí ó gùn ni ó ń mú un sáré yọ òdòdó. Ẹ gbìn ín ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé àti ní ìparí ìgbà ooru, kí ẹ sì fo àárín rẹ̀.

Bàbá Olóko dáhùn:

Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ ti sọ̀rọ̀ tí ó kún. Mo fẹ́ fi tòmátò àti omi kún un, nítorí pé àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn tí ó ní ilé àti oko.

Àwọn kan yóò sọ fún yín pé oko ni tòmátò yẹ, torí pé gbòǹgbò rẹ̀ ń wọlẹ̀ jìnnà, ó sì lè fara da ọ̀sẹ̀ kan láìsí omi. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń dáko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó ṣòro kí a má rí ẹni tí ó gbin pòtétò, àrùn tí ó sì ń pa pòtétò náà ni ó ń pa tòmátò. Phytophthora infestans ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Òun ni ó run pòtétò ní Ireland láti ọdún 1845, tí ìyàn ńlá fi ṣẹlẹ̀. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ń gbà láti oko kan dé òmíràn, ewé tí ó bá sì tutù fún wákàtí púpọ̀ ni ó ń gbà wọlé. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń gba ènìyàn níyànjú pé kí tòmátò wà nílé, lábẹ́ ẹ̀bá òrùlé níbi tí òjò kò ti lè máa rọ̀ sí ewé rẹ̀, tí ó sì kọjú sí oòrùn. Ìkòkò tí yóò gbé ìdí kan kò gbọdọ̀ gba kéré sí lítà 20, nítorí pé nínú ìkòkò kékeré, omi ń tán lọ́sàn-án, ó ń kún lálẹ́, àìdọ́gba omi yìí ni kì í sì í jẹ́ kí èròjà kálísíọ́ọ̀mù dé inú èso bó ti yẹ, tí ìsàlẹ̀ èso tòmátò fi ń dúdú tí ó sì ń rà. Ọ̀pọ̀ ń rò pé kòkòrò ni, omi ni. Ẹ má tètè gbé ọmọ tòmátò jáde o: ẹ dúró títí òru yóò fi máa ju 10°C lọ, kí ẹ sì máa gbé e síta fún wákàtí díẹ̀díẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó fi í sílẹ̀ mọ́jú.

Ní ti omi lóko, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó fún ọ̀pọ̀ irúgbìn tí ó ti fìdí múlẹ̀, bí ẹ bá bu omi náà tó tí ó fi wọlẹ̀ ṣinṣin. Lítà 25 fún mítà kan níbùú àti lóròó ni ẹ fi máa ṣe òṣùwọ̀n nígbà tí òjò kò bá rọ̀. Omi díẹ̀díẹ̀ tí ń tutù lójú ilẹ̀ nìkan ń mú kí gbòǹgbò dúró sókè níbi tí oòrùn ti ń gbẹ ẹ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá bomi rin, ẹ fi koríko gbígbẹ bo ilẹ̀ náà ní nípọn sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, láìjẹ́ kí ó kan ìdí irúgbìn. Bí wọ́n bá gbà yín láàyè láti kọ́ àtíbàbà sí oko, ẹ gbé àgbá sí ìdí òrùlé rẹ̀. Mìlímítà òjò kan lórí mítà kan níbùú àti lóròó jẹ́ lítà omi kan, nítorí náà òrùlé tí ó jẹ́ mítà méjì ní ìbú àti mẹ́ta ní òró yóò fún yín ní lítà 60 nínú òjò tí ó tó mìlímítà 10.

Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé:

Ẹ ṣeun gan-an, Mà, ẹ ṣeun, Bàbá. Ọ̀rọ̀ kíka ọjọ́ padà sẹ́yìn yìí ti là mí lójú. Ẹ jọ̀wọ́, ohun méjì ni ó tún kù. Ẹnì kan tí ó ń sin ẹṣin nítòsí oko náà fẹ́ fún mi ní ìgbẹ́ ẹṣin lọ́fẹ̀ẹ́. Ṣé kí n gbà á? Ìbátan mi kan sì fi irúgbìn àlùbọ́sà ránṣẹ́ sí mi láti ibi tí ó súnmọ́ ìlà agbedeméjì ayé. Ṣé yóò wú nídìí níbí?

Irúgbìn Rere dáhùn:

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí àlùbọ́sà. Kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀ nìkan ni ó ń sọ fún un pé kí ó wú nídìí. Gígùn ọ̀sán ni. Nítòsí ìlà agbedeméjì ayé, ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò ní wákàtí 12 jálẹ̀ ọdún, irú àlùbọ́sà tí wọ́n ń gbìn níbẹ̀ sì máa ń wú nígbà tí ọ̀sán bá ti tó wákàtí 10 sí 12. Ní ibi tí ó jìnnà sí ìlà náà, irú èyí tí ó nílò wákàtí 14 sí 16 ni a ń gbìn. Bí ẹ bá gbin irúgbìn tí ìbátan yín fi ránṣẹ́ ní ìgbà ìrúwé, ọ̀sán yóò ti gùn ju bí ó ṣe nílò lọ kí ewé rẹ̀ tó pọ̀, yóò wú nígbà tí ó ṣì kéré, ẹ ó sì rí àlùbọ́sà tí kò tóbi ju kóró ẹ̀pà tí ó sanra lọ. Ẹ má dà á nù ṣá: ẹ gbìn ín mọ́ ara wọn pẹ́kípẹ́kí sínú ike nílé, kí ẹ sì máa gé ewé rẹ̀ sínú oúnjẹ. Irú tí ó yẹ gígùn ọ̀sán àdúgbò yín ni kí ẹ wá fún oko.

Ìgbẹ́ ẹṣin dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ibi tí koríko tí ẹṣin náà ń jẹ ti wá àti oògùn tí wọ́n fín sí i. Àwọn oògùn apakoríko kan wà, bíi aminopyralid àti clopyralid, tí kì í pa koríko tí ẹṣin ń jẹ, tí wọ́n ń gba inú ẹran kọjá láìbàjẹ́, tí wọ́n sì lè wà nínú ìgbẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Tòmátò, ẹ̀wà àti pòtétò kò lè fara dà wọ́n rárá, ewé wọn yóò ká kò, yóò sì lọ́. Ẹ dán an wò kí ẹ tó kó o sí oko. Ẹ po ìgbẹ́ náà mọ́ ilẹ̀ tí ó dára sínú ìkòkò mélòó kan, ẹ bu ilẹ̀ náà nìkan sínú ìkòkò mìíràn, kí ẹ gbin ẹ̀wà sí gbogbo wọn, kí ẹ sì máa wò wọ́n fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin. Bí ewé àwọn méjèèjì bá rí bákan náà, ẹ gbà á pẹ̀lú ọpẹ́. Ẹ kó o jọ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán kí ó jẹrà di dúdú, kí ẹ má sì fi í sí ebè kárọ́ọ̀tì, torí pé ìgbẹ́ tí kò tíì rà ń mú kí gbòǹgbò rẹ̀ pín.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè ṣùgbọ́n tí n kò lè gbójú fò. Ẹ má ṣe gbin ìdílé irúgbìn kan sójú kan náà ní ọdún méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ó tó ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kí ó tó padà síbẹ̀. Tòmátò, ata, ìkàn àti pòtétò, ìdílé kan ni wọ́n. Kábéèjì àti kéèlì wà nínú ìdílé mìíràn, àrùn tí ń mú gbòǹgbò ìdílé tiwọn wú lè wà nínú ilẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún. Ilẹ̀ kíkan ni àrùn náà fẹ́ràn, nítorí náà a máa ń wọ́n ẹfun àgbẹ̀, tí ń dín kíkan ilẹ̀ kù, sí ebè kábéèjì láti dín in kù. Ní oko tí ẹlòmíràn ti lò ṣáájú yín, ẹ fọ bàtà àti ọkọ́ yín bí ẹ bá ń ti ilẹ̀ aládùúgbò bọ̀, kí ẹ sì tọ́ ọmọ kábéèjì yín fúnra yín dípò kí ẹ gba èyí tí ẹnì kan hú láti inú ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀wà ni kí ó ṣíwájú kábéèjì lórí ebè. Bí ìkórè rẹ̀ bá parí, ẹ gé e nílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí ẹ sì fi gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀ kí ó rà síbẹ̀, nítorí pé nínú àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò náà ni àwọn kòkòrò àìfojúrí ti ń sọ náítírójìn inú afẹ́fẹ́ di oúnjẹ irúgbìn.

Ọmọ Àgbẹ̀ dáhùn:

Kò tíì sí ẹni tí ó fọwọ́ kan ilá àti tẹ̀tẹ̀ dáadáa. Níbi tí èmi ń gbé, kò sí ìrì dídì rárá, òjò àti ọ̀gbẹlẹ̀ ni a fi ń mọ ìgbà, ìbéèrè tí Ìyá Ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbé kalẹ̀ sì bá tiwa mu: nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ̀yìnkùlé tí omi wà nítòsí ni a ń kó ẹ̀fọ́ sí, nígbà òjò ni oko ń gba iṣẹ́ ṣe, lórí ebè gíga kí omi má baà rì gbòǹgbò. Ooru tí ẹ̀yin ń dúró dè, àwa ń rí i lójoojúmọ́, nítorí náà mo mọ ohun tí àwọn irúgbìn méjèèjì ń wá.

Tẹ̀tẹ̀ yá púpọ̀. Bí ilẹ̀ bá gbóná, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin péré ni a ti lè máa fà á tu, nítorí náà ìgbà ooru tí kò gùn kò dí i lọ́wọ́. Kóró rẹ̀ kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kí ó má baà ṣù jọ, kí ẹ fọ́n ọn, kí ẹ sì fi ilẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Dípò kí ẹ fa gbogbo rẹ̀ tu, ẹ gé díẹ̀ nínú wọn ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 15 sí ilẹ̀, wọn yóò sì yọ ẹ̀ka tuntun. Bí ọ̀sán bá ti ń kúrú ní ìparí ìgbà ooru, yóò fẹ́ yọ òdòdó, kí ẹ tètè já a jẹ kí ewé rẹ̀ tó le.

Ilá ni ó gba sùúrù. Ẹ rẹ kóró rẹ̀ sínú omi mọ́jú, ẹ gbìn ín sínú ike jíjìn lójú fèrèsé ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó fẹ́ gbé e jáde, ọ̀kan sínú ike kan, nítorí pé kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Tòun ti ilẹ̀ inú ike rẹ̀ ni kí ẹ gbé e sọ̀kalẹ̀ sínú ebè. Ibi tí ògiri ti ń ta ooru padà sí i ni kí ẹ fún un. Ẹ fi ọ̀rá dúdú bo ebè náà ṣáájú kí ilẹ̀ lè gbóná, kí ẹ sì rí i pé ó ti tó 18°C kí ẹ tó gbé e síbẹ̀. Bí kò bá tíì tó bẹ́ẹ̀, ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan sí i: ilá tí ó wọ ilẹ̀ gbígbóná sábà máa ń lé èyí tí a sáré gbìn sínú ilẹ̀ tútù bá, tí yóò sì so jù ú lọ.